ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ ÀWỌN AGBẸ́GILÉRE: ILÉ-IṢẸ́ ỌNÀ Ọ̀YẸ́-ÈKÌTÌ ÀTI OHUN TÍ Ó TẸ̀LÉ E

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé iṣẹ́ àdáṣe ni iṣẹ́ ọnà. Wọn a máa fi ojú inú wo agbẹ́gilére bí ẹni tí ó dá jókòó sí abẹ́ igi odán, tí ó ń ju àáké rẹ̀ sí ara igi, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni dá sí i. Ìtàn kò fara mọ́ èrò yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, àgbẹ́gilére tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí kì í ṣe ẹni tí ó dá wà. Ọ̀gá ni ó kọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń bá a gbé ìtì igi. Ọba, ìjòyè àti àwọn olórìṣà ni ó ń gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn ni ó sì ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ wọn tiwọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá yẹ̀, iṣẹ́ náà yóò mì. Bí gbogbo wọn bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àáké yóò di ohun tí a ń fi la igi ìdáná.

Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí ní àwọn ìgbèríko Èkìtì àti Ìgbómìnà láàrin 1920 sí 1950. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìtàn ilé-iṣẹ́ ọnà tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947 fi yẹ ní kíkà. Ilé-iṣẹ́ náà kò tó ọdún mẹ́wàá láyé, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé dìde kò tí ì tán: kí ni oníṣẹ́ ọnà tí ó ń gbé ní ìgbèríko nílò kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà parun mọ́ ọn lọ́wọ́?

BÍ ÀWỌN Ọ̀GÁ ÀTIJỌ́ TI Ń PÀDÉ ARA WỌN

Ìlú kéékèèké ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére ti wá. Ọlọ́wẹ̀, tí àwọn onímọ̀ kà sí ọ̀kan nínú àwọn tí ọwọ́ wọn dá jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni. Agbọnbíọ̀fẹ́, tí ó kú ní 1945, ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni, láti agbo ilé Adéṣínà tí iṣẹ́ ìgbẹ́gi àti iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn. Àreògún, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Dàda, ará Ọ̀sì ni, ní ilẹ̀ Ọ̀pìn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ìdílé Fákẹ́yẹ, tí wọ́n ti ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran, ará Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí tí ó tó Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ní títóbi. Síbẹ̀ àwọn tí ó ń gbé inú wọn mọ iṣẹ́ ara wọn dáadáa, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pàdé.

Èkíní ni ìkọ́ṣẹ́. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé lọ́dọ̀ baba ẹni ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ ìdílé. Òtítọ́ ni èyí lápá kan, ṣùgbọ́n àṣà mìíràn tún wà: baba a máa fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, kí ojú má baà jẹ́ kí ó kẹ́ ọmọ náà ní àkẹ́bàjẹ́. Bámidélé, ọmọ Àreògún, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bándélé, kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Òṣàmúkọ́ ni ó ti kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni Òṣàmúkọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Àreògún rí. Báyìí ni ìmọ̀ kúrò lọ́wọ́ baba, tí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, kí ó tó padà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Okùn tí a fi so ilé kan mọ́ òmíràn ni.

Èkejì ni ìrìn àjò lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí ọba bá ń kọ́ ààfin, kì í ṣe ọ̀gá ìlú rẹ̀ nìkan ni ó ń ránṣẹ́ sí. Láàrin 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ fi gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe àkókò kékeré: ọ̀gá náà ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń sùn lábẹ́ ààbò ọba tí ó gbé iṣẹ́ fún un, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń rí bí òpó kan ti ń tẹ̀lé òmíràn. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan láti inú ààfin yìí lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ó wu àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti ní i. Ògògà kò tà á; ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún un. Kí a kíyè sí i pé àárín ọba àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni pàṣípààrọ̀ náà wà. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kò sí nínú ìdúnàádúrà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọdún ìbílẹ̀. Ní Èkìtì, ọjọ́ ọdún Ẹpa ni ọjọ́ tí gbogbo ojú ń wo iṣẹ́ agbẹ́gilére. Odindi ìtì igi kan ni a fi ń gbẹ́ ère Ẹpa, àti ojú tí a ń fi borí àti àwọn ènìyàn tí ó wà lókè rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé e yóò fò gun orí òkìtì kan. Bí kò bá ṣubú, ire ni fún ìlú. Bí àwọn èwe ti ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń fi ojú wọn ọwọ́ tí ó gbẹ́ ère. Wọ́n mọ èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn jù, wọ́n mọ èyí tí ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ kò bá ara mu. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ bí ọjà ọdún bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe é.

Ìyìn pẹ̀lú jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tí ń jẹ́ Olójú-ifún ṣì lè ki oríkì rẹ̀ fún àwọn oníwàádìí. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìgbésí ayé Ọlọ́wẹ̀ àti bí iṣẹ́ rẹ̀ ti lókìkí tó, inú oríkì náà ni a ti rí i. Obìnrin ilé ni ó pa ìtàn mọ́, kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í WỌ́N

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn òpó tí ó gbé iṣẹ́ ọnà ró ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sìn Kírísítì àti ẹ̀sìn Ìmàle tàn dé ìgbèríko. Ẹni tí ó bá ti gba ìrìbọmi kò ní gbẹ́ ère ìbejì mọ́. Ẹni tí ó bá ti ń kírun kò ní wá oṣé Ṣàngó. Ọpọ́n Ifá àti agere Ifá kò parẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń béèrè wọn kò pọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Bí a ti ń fi páànù bo ilé, tí a sì ń fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ààfin tuntun kò nílò òpó onígi mọ́. Àwo tánganran gba ipò àwo onígi. Káfíńtà tí ó mọ ilẹ̀kùn pákó kàn rí iṣẹ́ ju ẹni tí ó mọ ilẹ̀kùn oníṣẹ́ ọnà gbẹ́ lọ.

Ilé-ìwé pẹ̀lú dá kún un. Ọmọ tí ó mọ̀wé ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ akọ̀wé tàbí ti olùkọ́. Láti fi ọdún púpọ̀ jókòó ti ọ̀gá, kí a máa pọ́n irin, kí a máa ṣa èérún igi, kò wu ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sì wu bàbá tí ó ti san owó ilé-ìwé.

Ìjọba amúnisìn gbìyànjú ní apá kan. Ní 1943 ni wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Nàìjíríà, Kenneth Murray, tí ó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ni ó sì darí rẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì ni èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun àtijọ́ ni ìbá ti jóná tàbí kí ó ti sọdá òkun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ti ṣe ni ẹ̀ka náà ń tọ́jú. Láti tọ́jú ère yàtọ̀ sí láti tọ́jú ẹni tí ń gbẹ́ ère. Bí a bá kó gbogbo iṣẹ́ Àreògún sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì padà sí oko nítorí àìríṣẹ́, a ti pa omi inú agbè mọ́ ni, a sì ti jẹ́ kí orísun odò gbẹ.

ÌPÀDÉ NÍ Ọ̀YẸ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí ní 1947, nígbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́ọ̀nù Kátólíìkì kan tí àwọn àlùfáà rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Áyálándì rán méjì nínú wọn, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, pé kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò ṣòro. Ère àti àwòrán tí ó wà nínú àwọn ilé ìjọsìn nígbà náà, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń kó wọn wá, wọn kò sì jọ ohunkóhun tí àwọn olùjọsìn mọ̀. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá ṣe ohun èlò ìjọsìn ní ọ̀nà ti Yorùbá.

Ohun tí ó mú ilé-iṣẹ́ yìí yàtọ̀ ni pé àwọn àlùfáà náà kò gbé ara wọn kalẹ̀ bí olùkọ́ ìgbẹ́gi. Wọ́n wá àwọn tí ó ti mọ iṣẹ́ kiri. Àreògún ti darúgbó nígbà náà, ṣùgbọ́n Bándélé ọmọ rẹ̀ wá sí Ọ̀yẹ́, ó sì di ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú wà lára àwọn tí wọ́n kó iṣẹ́ fún, nítorí ilé ìjọsìn nílò aṣọ àlùfáà gẹ́gẹ́ bí ó ti nílò ère. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yàtọ̀, tí ìlú wọn sì yàtọ̀, rí ara wọn lábẹ́ òrùlé kan, tí kì í ṣe ti ọba, tí kì í sì í ṣe ti olórìṣà.

Láìpẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Ní 1928 ni a bí i. Mùsùlùmí ni. Kì í ṣe aláìmọ̀kan nínú iṣẹ́ ìgbẹ́gi: láti kékeré ni ó ti ń gbẹ́gi lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì lókìkí. Síbẹ̀ ó gbà láti tún bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ẹni tí ó mọ bí ìdílé oníṣẹ́ ọnà ti ń gbé iyì wọn gẹ̀gẹ̀ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ ilé Fákẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ilé Àreògún kí ó lè gba ohun tí ilé tirẹ̀ kò ní. Bí kò bá sí ilé-iṣẹ́ Ọ̀yẹ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má pàdé rárá.

Ìlànà àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀lé nínú iṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ni ìgbẹ́gi ní. Èkíní ni ọnà lílé, níbi tí a ti ń la ìrísí ère jáde nínú ìtì igi. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ bí orí yóò ti tóbi tó sí ara. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí apá, ojú àti ẹsẹ̀ ti ń fara hàn. Ẹ̀kẹta ni dídán, níbi tí a ti ń fi irin mímú mú kí ara ère jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, níbi tí a ti ń fín irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti bátànì aṣọ sí i lára. Ọ̀gá ni ó sábà máa ń ṣe ọnà lílé, nítorí àṣìṣe níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Ọmọ iṣẹ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn, a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi gbé odindi ìtì lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ó yí padà ni ìtàn tí ère ń sọ. Carroll a máa sọ ìtàn inú Bíbélì fún àwọn agbẹ́gilére, a sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, àwọn amòye tí ó wá láti ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá tí ó dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó ti rí ilẹ̀kùn Àreògún rí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ibi tí irú ojú yìí ti wá.

ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ IṢẸ́ NÁÀ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí iṣẹ́ Ọ̀yẹ́. Láàrin ìjọ, àwọn kan wà tí wọ́n ti kó òrìṣà jáde nínú ilé wọn nígbà tí wọ́n gba ìrìbọmi. Wọ́n wo ère Màríà tí ojú rẹ̀ yọ bí ojú ère ìdílé wọn, wọ́n sì béèrè pé ṣé ohun tí àwọn sun níná ni ó tún gba ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run wọlé. Ìbéèrè wọn kò yẹ ní fífi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó fi ẹ̀sìn baba rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ sì bá a jà nítorí rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Láàrin àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú, àwọn kan gbà pé iṣẹ́ tí ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́ ti di èèpo lásán. Lójú wọn, ẹ̀sìn òrìṣà ni ẹ̀mí tí ń gbé inú ère Yorùbá. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tí ó kù ni àfarawé.

Èsì tí Carroll fún wọn, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967 lórí ìgbẹ́gi ẹ̀sìn nílẹ̀ Yorùbá, ni pé ìgbé ayé ọmọ ènìyàn ni àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ jù lọ: ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, jagunjagun lórí ẹṣin, onílù, ọdẹ, obìnrin tí ó kúnlẹ̀ fi àwo ṣe ọrẹ. Bí a bá gbé èrò yìí yẹ̀ wò, a óò rí i pé ó fìdí múlẹ̀. Agbẹ́gilére kì í ṣe àwòrò. Ère ìbejì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, igi ni; ètùtù àti ìtọ́jú tí ìyá ìbejì ń ṣe fún un ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó dà. Bákan náà ni agbẹ́gilére kan lè gbẹ́ arugbá fún oníṣàngó lónìí, kí ó gbẹ́ òpó fún ọba lọ́la, láìsí pé ó ń bọ ohun tí àwọn méjèèjì ń bọ. Lámídì jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì gbẹ́ ère fún ilé ìjọsìn Kátólíìkì.

Síbẹ̀, òtítọ́ kan wà nínú àwáwí àwọn alátakò tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Bí iṣẹ́ ọba kò bá sí láyé àtijọ́, ti olórìṣà yóò wà. Bí ti olórìṣà bá tán, ti olówó ìlú tí ó fẹ́ ilẹ̀kùn dáradára yóò wà. Ní Ọ̀yẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń pe iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń yan ohun tí iṣẹ́ náà yóò sọ. Ilé tí ó dúró lórí òpó kan ṣoṣo kò ní pẹ́ kí ó tó wó, bó ti wù kí òpó náà dára tó.

ILÉ-IṢẸ́ KÚ, IṢẸ́ KÒ KÚ

Ní 1954 ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Ọ̀yẹ́. Nǹkan bí àkókò kan náà ni Àreògún jáde láyé. Ẹni tí ó bá wo ọdún náà láti òkèèrè lè rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn gbà lọ́wọ́ ara wọn kò ṣeé tì bí a ti ń ti ìlẹ̀kùn.

Bándélé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń kọ́ ẹlòmíràn. Lámídì di ọ̀gá láyè ara rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ilé ìjọsìn Kátólíìkì tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1962 ó lọ sí ìlú Paris lórí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Láti 1978 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí a gbé kalẹ̀ ní gbọ̀ngán Odùduwà ní 1987. Àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn tí wọ́n pè ní ìṣúra alààyè ní 2006, ó sì dágbére fún ayé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, 2009. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìdílé Fákẹ́yẹ ti kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Carroll pẹ̀lú kò dẹ́kun láti máa bá àwọn agbẹ́gilére wá iṣẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1967, ó dárúkọ àwọn ọ̀gá, ìlú wọn àti ẹni tí ó kọ́ wọn níṣẹ́. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń kọ “Yorùbá” nìkan sí abẹ́ ère, bí ẹni pé odindi ẹ̀yà kan ni ó di àáké mú, iṣẹ́ ńlá ni láti kọ pé Àreògún ará Ọ̀sì ni ó ṣe é.

ÒṢOGBO ÀTI ÀWỌN ÌGBÈRÍKO MÌÍRÀN

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ ni ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, sọ apá kan nínú ilé baba rẹ̀ di ibi eré, àfihàn àti ìpàdé. Ẹgbẹ́ Mbari ti wà ní Ìbàdàn láti 1961, èdè Ìgbò ni orúkọ náà sì ti wá. Etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ ní ọ̀nà tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni ń sọ pé, “bí mo bá rí i, ń bá yọ̀.”

Ìlànà Òṣogbo yàtọ̀ pátápátá sí ti Ọ̀yẹ́. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ni ó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 1962 àti 1963. Georgina Beier darí òmíràn ní 1964. Ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wáyé. Kò sí ìdánwò ìwọlé, kò sí owó ẹ̀kọ́, wọn kò sì béèrè ìdílé tí ènìyàn ti wá. Àwọn òṣèré Dúró Ládiípọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá. Láàrin wọn ni a ti rí Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Búráímọ̀ àti Adébísí Fábùnmi.

Báwo ni ọjọ́ díẹ̀ ti ṣe lè sọ ènìyàn di oníṣẹ́ ọnà, nígbà tí Lámídì tí a bí sínú iṣẹ́ tún fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ díẹ̀ náà ni ó ṣe é. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni. Àwọn tí wọ́n fi hàn pé àwọn lè ṣe é rí ibi tí wọ́n ti lè máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n rí àfihàn. Wọ́n rí ẹni tí ń rà. Eré orí ìtàgé pẹ̀lú di ibi tí ẹlòmíràn fẹsẹ̀ lé: ẹni tí ó lu ìlù tàbí tí ó ṣeré ní alẹ́ lè fi ọ̀dà kun àwòrán ní ọ̀sán. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Àtìlẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ ni ó jẹ́ kí wọ́n lè wọlé jókòó.

Ẹ̀kọ́ tí Òṣogbo kọ́ àwọn wọ̀nyí, àwọn kan nínú wọn gbé e padà lọ sí ìlú kéékèèké. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìragbìjí, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Ọbàtálá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ó sì di Ẹ̀sà ibẹ̀. Níkẹ̀ Òkúndáyé, tí a bí ní 1951 ní Ògìdì, ìlú àwọn ahunṣọ ní ilẹ̀ Ìjùmú, dá ibùdó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì tún ṣe irú rẹ̀ ní Ògìdì. Àwọn obìnrin ni ó jẹ lógún jù. Níbi tí ìtàn àwọn agbẹ́gilére ti jẹ́ ìtàn ọkùnrin, aṣọ àdìrẹ àti aṣọ òfì jẹ́ kí obìnrin ìgbèríko rí ọ̀nà tí yóò fi mú owó wọlé láti inú iṣẹ́ tí ó mọ̀.

Okùn kan náà nà kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí a bí ní Agbarha-Otor ní 1932, wà lára àwọn tí Ru van Rossem, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, kọ́ ní iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbari láàrin 1961 sí 1964. Ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, ó ya ìrìn àjò Jésù lọ sí orí àgbélébùú sí ara ògiri ilé ìjọsìn Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, Kevin Carroll sì wà lára àwọn tí ó mú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Ní 1998, ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà ní àsìkò ọyẹ́ ní Agbarha-Otor. Kò ṣe é ní Èkó níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú tí a bí i sí ni ó gbé e lọ. Níbẹ̀ ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọ̀sẹ̀ bíi méjì gbé pọ̀, tí agbẹ́kùúta ń wo ọwọ́ arọ́, tí ayàwòrán sì ń wo ọwọ́ amọ̀kòkò.

OHUN TÍ ÌTÀN NÁÀ FI KỌ́ NI

Bí a bá fi Ọ̀yẹ́ wé Òṣogbo, tí a sì fi àwọn méjèèjì wé ìgbà Ọlọ́wẹ̀, ohun mẹ́rin ni ó hàn gbangba. Ìkíní, oníṣẹ́ ọnà ìgbèríko nílò ẹlẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti nílò owó. Bándélé àti Lámídì fi èyí hàn. Èkejì, ìpàdé tí kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn dà bí àsè tí a jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ebi ọ̀la ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, àtìlẹ́yìn tí ó ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá, ìjọ ni o, ìjọba ni o, àlejò òkèèrè ni o, yóò dópin ní ọjọ́ tí ẹni náà bá yí ọkàn padà. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ yè nítorí pé ẹni tí ń pe iṣẹ́ wọn pọ̀. Ẹ̀kẹrin, orúkọ ṣe pàtàkì. Oríkì tí Olójú-ifún kì àti ìwé tí Carroll kọ ṣe ohun kan náà: wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ kúrò lára ẹni tí ó ṣe é.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá fi ìkẹrin yìí sọ́kàn. Kò tó láti kọ pé àwọn Yorùbá mọ igi í gbẹ́. Kí ó kọ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni, pé Òṣàmúkọ́ ni ó kọ́ Bándélé, pé Bándélé ni ó kọ́ Lámídì. Olùkọ́ tí ilé-ìwé rẹ̀ wà ní ìgbèríko sì ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ. Ó ṣeé ṣe kí arúgbó kan wà ní ìtòsí ilé-ìwé náà tí ó mọ ọnà lílé àti àlétúnlé, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá pè é wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tí a sì ra ìjókòó kan tàbí ọpọ́n kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ilé-ìwé, a ti ṣe díẹ̀ nínú ohun tí Ọ̀yẹ́ ṣe. Igi kan kì í dágbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ọnà kan kò lè dá iṣẹ́ ìran rẹ̀ gbé.